Orúkọ Tí Mo Fò

Bí ẹ bá pàdé mi lónìí tí ẹ sọ orúkọ yín fún mi, orúkọ náà ti di tèmi nìyẹn títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. N kò fi í ṣe fọ́ńté o. Ìwé tí mo kà kò kọjá pírámárì mẹ́rin, iṣẹ́ tí mo sì ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì kò ju ká ṣí géètì ká tì í lọ, ní ilé iṣẹ́ kan ní Industrial Estate ní Ìkòròdú níbí. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá gba ẹnu géètì yẹn wọlé, látorí ọ̀gá pátápátá dórí ẹni tó ń gbálẹ̀, mo mọ orúkọ wọn, mo sì mọ orúkọ ìyá tó bí wọn. Ọlọ́run kò fún mi ní ìṣirò, kò fún mi ní ohùn orin. Orúkọ ló fún mi.

Ẹ má wá jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé n kò ní dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Àwọn tó wà láàyè nínú wọn mọ ilé mi ní Ìgbògbò. Àwọn tó ti kú pọ̀ ju àwọn tó wà láàyè lọ. N kò fẹ́ kí apá méjèèjì kó ẹjọ́ wá bá mi lẹ́ẹ̀kan náà, torí ẹjọ́ tó wà lọ́rùn mi lórí ọ̀rọ̀ orúkọ tó mi í gbé.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ní ọjọ́ Ìsinmi kìíní nínú oṣù kọkànlá, a máa ń ṣe ìsìn ìrántí àwọn tó ti sùn nínú Olúwa. Wọ́n á pe orúkọ òkú kọ̀ọ̀kan, ẹbí rẹ̀ á dìde níbi tí wọ́n bá jókòó sí, gbogbo ìjọ á dáhùn pé, "Sùn re." Ìwé kan wà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń kọ àwọn orúkọ náà sí. Ikán jẹ ẹ́. Ní ọdún tí ikán jẹ ẹ́, alùfáà ìgbà náà dúró níwájú ìjọ, ó gbé èèpo ìwé dání bí ẹni tó gbé àwo tí ológbò ti kó ẹran inú rẹ̀ jẹ, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ni mo bá dìde, mo ní, "Ẹ jẹ́ n gbìyànjú." Mo pè wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò fo ẹnì kan. Àwọn ìyá ń sunkún. Alùfáà dì mọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún ra ìwé mìíràn. Èmi ni mo di ìwé.

Wọ́n ní Ẹ̀mí ló ń sọ orúkọ náà sí mi létí. Èmi ò sọ pé Ẹ̀mí ni. Ṣùgbọ́n n kò sọ pé kì í ṣe Ẹ̀mí. Nígbà tí èèyàn bá gbé oyè fún ọ láìjẹ́ pé o tọrọ ẹ̀, ṣé wàá tún wá bi í léèrè pé kí ló rí?

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bẹ́ǹṣì ni. Bẹ́ǹṣì onípákó tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa láti ìgbà tí mo ti dé Ìgbògbò. Bí mo bá ti pa ojú dé báyìí, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Màá rìn wọlé. Ní bẹ́ǹṣì tó kángun sí ilẹ̀kùn lápá òsì, ọkùnrin tó máa ń sùn láti ìgbà tí wọ́n bá ti ń ka ẹ̀kọ́ kìíní ló wà níbẹ̀. Màá pè é. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìyá tó máa ń kọrin ṣíwájú gbogbo ìjọ, tí yóò ti parí ẹsẹ kẹrin kí àwa tó bọ́ sí ẹ̀kẹta. Màá pe òun náà. Ní bẹ́ǹṣì kejì, káfíńtà tó kan gbogbo bẹ́ǹṣì náà fúnra rẹ̀, tó wá jẹ́ pé orí ẹyọ kan ṣoṣo tó ń mì ló jókòó sí títí ó fi kú. Báyìí ni màá ṣe rìn dé iwájú. Ibi tí ìdí èèyàn bá ti mú pákó dán, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ wà.

Ìyẹn ìdajì. Ìdajì kejì, ìyàwó mi ni.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lápá ọ̀tún ló máa ń jókòó. Bí mo bá fo ẹnì kan, á gbé ọwọ́ sókè, á tún gèlè rẹ̀ ṣe. Èmi náà, ojú kan ni mo máa ń pa dé tán, mo máa ń la èkejì díẹ̀, bí ọmọdé tó ń ṣọ́ ẹran nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà sí oúnjẹ. Bí mo bá rí ọwọ́ lára gèlè, màá dákẹ́, màá tẹ orí ba, màá padà sẹ́yìn lọ́kàn mi lọ wá ẹni tí mo fi sílẹ̀. Àwọn èèyàn á máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ẹ wò ó, Ẹ̀mí ń bá Bàbá sọ̀rọ̀." Tí a bá délé, ìyàwó mi á rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ á fi fẹ́ jóná. Á ní, "Ẹ̀mí tó ń wé gèlè!"

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà kò sọ.

Alùfáà tó wà báyìí kò tíì pé ogójì ọdún. Èèyàn dáadáa ni, ìyẹn ló sì mú kó ṣòroó bá jà. Ó kan tẹlifíṣọ̀n ńlá mọ́ ògiri, mo dákẹ́. Ó ní kí wọ́n máa gbé ìsìn sórí fóònù kí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun lè máa wò ó, mo dákẹ́, torí àkọ́bí mi wà níbẹ̀. Ìgbà tó wá ní òun fẹ́ kó bẹ́ǹṣì jáde kí òun fi àga onífóòmù rọ́pò rẹ̀ ni mo rí i pé ayé ti bàjẹ́.

Ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ la wà. Alùfáà ní, "Bàbá Ìjọ, ẹ̀yìn ń dun àwọn èèyàn. Àwọn tó ń wá láti inú ẹ́sítéètì, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, inú ọkọ̀ ni wọ́n ń jókòó sí lọ sí Èkó, inú ọkọ̀ ni wọ́n ń jókòó sí bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìdí wọn náà ní ìsinmi lọ́jọ́ Ìsinmi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo dìde. Mo ní, "Ẹ̀yin Ẹni Ọ̀wọ̀, àwọn baba wa kò jókòó lórí fóòmù wọ ìjọba ọ̀run. Orí pákó ni wọ́n ti gbàgbọ́. Àṣà ìjọ yìí ni. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ kan bẹ́ǹṣì, ìpìlẹ̀ ló fọwọ́ kàn."

Ìyá àgbà kan tó wà nínú ìgbìmọ̀ ní, "Ọ̀rọ̀ ńlá lẹ sọ, Bàbá. Tìmùtìmù tó wà lábẹ́ yín yẹn wá ńkọ́?"

Mo wo ìdí mi. Lóòótọ́, tìmùtìmù wà níbẹ̀. Ó ti tó bí ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó mi ló rán an, ó tiẹ̀ ṣe ìgbátí sí i lára.

"Ẹ jókòó, Bàbá," ìyá náà ní, "kó má tutù."

Mo jókòó. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣé kí n dìde kí n ní, ẹ má kó bẹ́ǹṣì jáde torí ibẹ̀ ni mo tọ́jú orúkọ sí? Ṣé kí n ní Ẹ̀mí tí ẹ ń sọ yẹn, pákó àti gèlè ni? Mo fi àṣà bo ara mi bí ẹni fi aṣọ ńlá bo ìpá. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí àgbàlagbà tó ń jà kíkan kíkan fún àṣà, n kì í dá a lẹ́bi, n kì í sì í gbà á gbọ́. Mo máa ń wo ohun tó jókòó lé.

Wọ́n kó bẹ́ǹṣì jáde. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìyàwó mi kú. Àìsàn rẹ̀ kò ju ọjọ́ mọ́kànlá lọ. N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ pọ̀ lórí ìyẹn.

Ìsìn ìrántí ọdún yẹn wá ń bọ̀, orúkọ rẹ̀ ni yóò jẹ́ tuntun níbẹ̀. Alùfáà sọ fún ìjọ pé kí ẹbí kọ̀ọ̀kan fi orúkọ òkú wọn ránṣẹ́ sórí fóònù, kí òun lè gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Kò fi ní sí ẹni tí a óò gbàgbé." Mo gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n gbá mi létí. Ta ni mo gbàgbé rí? Mo lọ bá a ní ilé rẹ̀. Èmi àti ẹ̀ wá ṣe àdéhùn: èmi yóò pe tèmi lákọ̀ọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá, lẹ́yìn náà ni tẹlifíṣọ̀n yóò fi ti àwọn tó bá fi orúkọ ránṣẹ́ hàn. Mo jáde bí ẹni tó ṣẹ́gun Jẹ́ríkò.

Ọmọbìnrin mi, tí èmi àti ẹ̀ jọ ń gbé, mú fóònù rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n fi orúkọ Màmá ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú kan ni."

"Ránṣẹ́ sí ta?"

"Sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n lè gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n."

"Ìyá rẹ kì í ṣe ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà. Wọn ò ní lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Èmi ni màá pè é."

"Bàbá, bí ẹ bá wá gbàgbé ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń sọ èyí.

Mo tún fọ́nnu dé Ẹ̀pẹ́. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyàwó mi, ilé Mùsùlùmí ni wọ́n ti bí i, ìgbà tó fẹ́ mi ló tẹ̀ lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ku ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, Àlùhájà, tó ti ta ẹja fún ọdún gbọọrọ kó tó fi ọjà sílẹ̀, etí rẹ̀ kan kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́. Mo pè é lórí fóònù, mo ní, "Àlùhájà, ẹ ní kí wọ́n bá yín ṣí ṣọ́ọ̀ṣì wa lórí fóònù lọ́jọ́ Ìsinmi. Èmi fúnra mi ni màá pe orúkọ àbúrò yín níwájú gbogbo ayé."

Ó ní, "Ó dáa, àna wa. Ọlọ́run á gba ẹnu yín lò."

Ọjọ́ náà pé. Mo dúró níwájú. Àga onífóòmù aláwọ̀ àlùkò kún inú ilé Olúwa bí ẹ̀fọ́ tó hù sórí ààtàn. Mo pa ojú dé. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí bẹ́ǹṣì wá. Ó wá. Ọkùnrin tó ń sùn wà níbẹ̀, mo pè é. Ìyá olórin wà níbẹ̀. Káfíńtà wà níbẹ̀, ó ń mì. Ẹbí ń dìde, ìjọ ń dáhùn, "Sùn re." Ohùn mi ń lọ bí omi. Mo dé bẹ́ǹṣì iwájú, mo pe ẹni tó gbẹ̀yìn níbẹ̀, mo wá ṣe bí mo ti máa ń ṣe láti ọdún wọ̀nyí wá: mo wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé bóyá mo fo ẹnì kan.

Ó jókòó síbẹ̀ nínú ọkàn mi, ó ń wò mí. Kò fọwọ́ kan gèlè.

Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní, ó parí, n kò fo ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Gbogbo wọn, kí Olúwa tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Mo sì lọ jókòó, mo rọra tún agbádá mi ṣe, mo ń dúró de kí alùfáà wá bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin mi ni mo kọ́kọ́ rí. Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì ti àga, ó ti dìde dé ìdajì, kò jókòó, kò nàró. Ó ń wò mí. N kò mọ ohun tó ń wò. Tẹlifíṣọ̀n tàn, orúkọ bí mẹ́fà jáde ní lẹ́tà gàdàgbà, ẹbí wọn dìde, ìjọ dáhùn. Tẹlifíṣọ̀n kú. Ọmọ mi rọra jókòó padà.

Ìgbà náà ni fóònù tó wà lápò mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀pẹ́ ni.

N kò gbé e. Mo jókòó sórí fóòmù. Ẹni tó ń ṣọ́ mi kí n má fo ẹnikẹ́ni ni mo fò. Òun gan-an ni mo lọ bi bóyá ó ku ẹnì kan, kò sì dárúkọ ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ láti Ìkòròdú Garage. Mo ra búrẹ́dì ńlá méjì dání. Títí ọkọ̀ fi kọjá Ìtókin, mo ń ro irọ́ tí màá pa.

Àlùhájà jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀, búrẹ́dì sì yí lọ síwájú mi.

"Ta nìyẹn?" ó ní.

"Èmi ni, Àlùhájà." Mo dárúkọ ara mi.

"Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n. Ẹ mọ orúkọ tiyín."

Mo ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Kò ní kí n dìde. Ó ní, "A gbé fóònù lé orí àpótí níbí yìí. Mo pe àwọn ará ilé. Lẹ́mọ́mù tó ń kọjá lọ, òun náà dúró, mo ní kó jókòó, àna mi fẹ́ pe àbúrò mi. A gbọ́ orúkọ káfíńtà. A gbọ́ orúkọ ìyá kan báyìí. A gbọ́ orúkọ gbogbo ẹni tó kú ní Ìgbògbò láti ìgbà Nóà. A ò gbọ́ tiwa. Lẹ́mọ́mù bi mí pé, 'Àlùhájà, ṣé àbúrò yín ti jí dìde ni?'"

Mo ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gé e, Àlùhájà."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé e nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà? Ọmọ yín tó wà níbẹ̀ ti pè mí kí ẹ tó bọ́ aṣọ lọ́rùn."

Mo fi iwájú orí kan ilẹ̀. Kò sí irọ́ mìíràn nínú ìwọ̀nba tí mo rò nínú ọkọ̀.

"Ẹ dìde, ilẹ̀ tutù. Ẹ jókòó síbí, ìhà etí tó ń gbọ́ràn nìyí. Ẹ pè é fún mi báyìí kí n gbọ́."

Mo la ẹnu. Mo ní, "Ìyá…" mo sì fi orúkọ àkọ́bí wa tì í.

Ó wò mí. "Bàbá mi kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí i, mo wà níbẹ̀, ọmọ kékeré ni mí, mo gbé omi dání nínú abọ́. Wọn ò pè é ní ìyá ẹnì kan. Orúkọ rẹ̀ lẹ ó pè."

Ẹ̀yin ará mi, bí àádọ́ta ọdún ni mo fi bá obìnrin yìí gbé. Mo mọ orúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń pe ìyàwó rẹ̀ lórúkọ nígbà tiwa? Láti ọjọ́ tó ti bímọ, ìyá ọmọ ni mo ń pè é, bàbá ọmọ ni òun náà ń pè mí. Èmi tó mọ orúkọ gbogbo Ìkòròdú, ẹnì kan ṣoṣo tí n kì í pè ni ẹni tí mo ń bá sùn. N kò ronú kàn án rí.

Mo ní, "Àlùhájà, mo pè é lẹ́ẹ̀kan."

"Nígbà wo?"

"Ní ọsibítù. Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn. Mo ń pe ìyá ọmọ, ìyá ọmọ. Nọ́ọ̀sì ní, 'Bàbá, ẹ pè é lórúkọ rẹ̀ gan-an, bóyá á gbọ́.' Mo pè é. Kò dáhùn."

Àlùhájà fa búrẹ́dì kan sọ́dọ̀, ó já a sí méjì, ó fi èyí tó kéré fún mi. A jẹ ẹ́ láìsí omi.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Èmi náà pè é. Wọ́n gbé fóònù sí i létí, mo pè é láti ìhín. Kò dá èmi náà lóhùn, mo sì jù ú lọ." Ó nu ẹnu rẹ̀. "Ṣé torí ìyẹn ni ẹ kò ṣe jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri?"

"Rárá o. Ìyẹn, agídí ni."

"Mo mọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, eyín tó kù nínú ẹnu rẹ̀ sì hàn. "Àwa náà, inú fóònù la ti ń mọ àsìkò ìrun báyìí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, mo ní èmi ò ní gbà, òòrùn ni màá máa wò. Ọjọ́ tí ojú ọjọ́ ṣú, mo kí ìrun ìrọ̀lẹ́ lọ́sàn-án gangan. Ẹ lọ ní kí wọ́n kọ ọ́. Kí ẹ sì pè é. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá tún gbé fóònù lé orí àpótí. Lẹ́mọ́mù náà ń bọ̀."

Lọ́jọ́rú, mo lọ bá alùfáà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bẹ́ǹṣì, gèlè, ojú kan tí mo máa ń là. Mo rò pé inú á bí i. Ṣe ló bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ló ń rín.

"Bàbá," ó ní, "èmi ti fi ọ̀rọ̀ yín wàásù lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìpàdé àwọn alùfáà pàápàá, mo ní Ẹ̀mí ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Ìgbògbò."

"Ẹ má tíì kó ọ̀rọ̀ yín jẹ. Ó lè jẹ́ Ẹ̀mí náà ló ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé."

Alùfáà ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n wá máa jókòó ti òun ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí n máa pe orúkọ, kí òun máa kọ ọ́ sínú ìwé kan àti sínú fóònù, kí ikán lè rí èyí tó máa jẹ. Mo ní mo gbà. Ó ti bébà sí mi. "Ẹ kọ ti Màmá sílẹ̀ fún mi ná, èyí tí a óò gbé sójú ògiri lọ́jọ́ Ìsinmi."

Mo mú bírò. Ọwọ́ pírámárì mẹ́rin ni ọwọ́ mi, lẹ́tà mi máa ń fara ti ara wọn bí ọgbà tí ẹran ti wó. N kò kọ orúkọ yẹn rí láyé mi. Ó gbà mí tó ìgbà tí omi yóò fi hó. Alùfáà kò kán mi lójú, ó ń wo òde.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣáájú ìbùkún, tẹlifíṣọ̀n tàn. Orúkọ rẹ̀ tóbi, ó kún ògiri láti igun dé igun. Mo ti ní kò ní dára. Ó dára. Mo dìde, n kò pa ojú dé. Mo pè é. Ọmọbìnrin mi dìde, ó nàró tán lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo ìjọ ní, "Sùn re." Mo jókòó, kò sẹ́ni tó bọ̀ mí lọ́wọ́, n kò sì retí rẹ̀.

Ọmọ mi ní ìpàdé lẹ́yìn ìsìn, nítorí náà èmi nìkan ni mo jáde sí títì láti wọ kẹ̀kẹ́ márúwá. Bí mo ṣe dá ọ̀kan dúró, fóònù dún.

"Àna wa!" Ohùn Àlùhájà gba gbogbo títì. "Iná fóònù tán mọ́ wa lọ́wọ́! Ibi tí ẹ ti ń dìde ló kú sí! Lẹ́mọ́mù ń bínú!"

"Mo pè é, Àlùhájà. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Kí lẹ wí? Ẹ gbé ohùn sókè!"

"Mo ní mo pè é!"

"N kò gbọ́! Ẹ tún un pè!"

Ọkọ̀ ń fọn fèrè, àwọn ará ìjọ ń jáde pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Mo yí ẹ̀yìn sí wọn, mo bo ẹnu fóònù pẹ̀lú ọwọ́, mo sì pariwo orúkọ ìyàwó mi láàárín títì Ìgbògbò. Ó ní òun gbọ́ díẹ̀. Mo tún un pè, mo fà á gùn, bí ẹni ń pe èèyàn láti òdìkejì odò. Ó ní, "Ẹ̀ẹ́n. Òun nìyẹn." Ó sì pa fóònù.

Mo wọ inú kẹ̀kẹ́, mo jókòó. Ọkùnrin tó ń wa kẹ̀kẹ́ náà kò lọ. Ewú ti wà lórí òun náà. Ó na ọrùn, ó ń wo ìhà tí mo kọjú sí nígbà tí mo ń pariwo.

"Bàbá," ó ní, "ṣé wọ́n ń bọ̀? Ṣé ká dúró dè wọ́n?"

Mo wo ìhà ibẹ̀.

"Máa lọ," mo ní. "Ẹnì kan péré ni wàá gbé."